Bí Wọ́n Ṣe Ka Àbúrò Mi ní Amẹ́ríkà

Òjò ló fà á. Bí òjò kò bá ká gbogbo wa mọ́ abẹ́ àtíbàbà agboolé wa lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tí ì bá jókòó ti èmi arúgbó ọdẹ láti gbọ́ ohun tí mo ti gbé mì láti ìgbà èwe mi.

Àwa ará Òkè-Ahùn ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ọba wa kúrò lórí oyè ni. Ó jẹ ilẹ̀, ó jẹ oko, ó fẹ́ máa jẹ ènìyàn, a sì ní kó máa lọ. Ìgbà tó lọ tán la wá ń wo ojú ara wa. Àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn kò fẹ́ ọba mọ́, pé ìgbìmọ̀ ni àwọn yóò yàn, àti pé Balógun Ọlátẹ́jú, olórí àwọn ọdẹ ìlú, ni yóò ṣe alága rẹ̀. Ìpàdé yẹn ló kó gbogbo ìlú wá sí agboolé wa. Balógun jókòó lórí àga tí wọ́n gbé fún un. Ó ti di arúgbó ju èmi lọ, ṣùgbọ́n ó ṣì máa ń na ọrùn bí ẹni tí wọ́n ń wò. Àbúrò mi, tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Ẹlẹ́ní, wà ní igun tirẹ̀, ó ń hun ẹní. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ti dáyé, wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí.

Fọlárìn, tó ń ṣe agbẹnusọ àwọn ọ̀dọ́, dìde. Ọmọ náà mọ ọ̀rọ̀ sọ ju ẹyẹ ìbákà lọ.

"Ìyá Ọdẹ," ó ní, "a gbọ́ pé ẹ dé Amẹ́ríkà nígbà tí àwọn ará ibẹ̀ lé ọba wọn, tí wọ́n ń dá ìjọba tuntun sílẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún wa, kí àwa náà lè tọ ọ̀nà tó dára."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó dára?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa nísinsìnyí. Èmi kò lọ sílé ìwé. Ara ògiri ni mo ti fi èédú kọ́ ara mi ní ìwé kíkọ. Ọ̀rọ̀ tó bá dùn jù, ńṣe ni mo máa ń yí i wò bí ẹni ń yí olú wò nínú igbó, nítorí èyí tó dára lójú jù ló máa ń pa agbo ilé.

"Amẹ́ríkà tí mo fẹ́ sọ," mo ní, "kì í ṣe èyí tí àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi ń ròyìn. Ọ̀nà igbó iwin ni mo gbà. Bí iwin ṣe fi nǹkan hàn mí ni n ó ṣe sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé, kó lọ ra ìwé."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìyá wa bí èmi, ó bí àbúrò mi ọkùnrin, ó parí. Lọ́jọ́ kan àbúrò mi lọ sí etí odò, kò padà. A gbọ́ pé wọ́n ti mú un lọ sí etí òkun, pé ọkọ̀ kan ti gbé e, pé Amẹ́ríkà ni ọkọ̀ náà forí lé. Ìyá wa dùbúlẹ̀, ó kọ oúnjẹ. Ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ ẹní rẹ̀.

"Ìwọ tí o ń pa ẹfọ̀n," ó ní, "lọ mú ọmọ mi wá fún mi. Gbogbo rẹ̀ ni kí o mú wá. Mi ò ní jẹ́ kí ikú mú mi kí n tó rí i."

Ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀ níbí, nítorí tó bá yá, kò ní sí àyè fún un mọ́. Nígbà náà, bí mo bá wúkọ́ nínú igbó, ẹkùn a kí mi káàárọ̀. Ìbọn mi kì í tàsé. Mo so ìwo ẹ̀tù mọ́ ìdí, ó kún dé ẹnu, nítorí ẹ̀tù pọ̀ nílé àwa ọdẹ lọ́dún náà bí iyanrìn etí odò.

"Ẹkùn wo ló kí yín, Ìyá Ọdẹ?" Ìyá Dúrówadé tó ń ta iyọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn. "Ológbò ni."

"Bó bá jẹ́ ológbò, ìrù rẹ̀ kò gùn tó ahọ́n rẹ."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Balógun pàápàá rẹ́rìn-ín.

Àárín igbó ni mo ti bá iwin kan pàdé tí kò lórí. Ikùn kan ló ní, ó sì tóbi bí àká àgbàdo, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mẹ́tàlá ló gbé e dúró, ẹnu sì wà ní orúnkún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó dúró lábẹ́ igi agbálùmọ̀. Èso ti já kún ilẹ̀ níwájú rẹ̀, kò sì rí ọ̀kan jẹ, nítorí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń fà sí ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Ebi ti sọ ikùn náà di awọ lásán.

"Ọdẹ, dúró," ni ẹnu kan wí. "Ẹni tí kò bá dáhùn ìbéèrè wa kì í kọjá níbí."

"Ta ni n ó dá lóhùn nínú yín?"

Orúnkún tó tóbi jù ní òun ni. Èyí tó kéré jù béèrè pé ta ló yàn án. Ọ̀kan ta èkejì nípàá, ìyẹn dá a padà. Mo jókòó sórí gbòǹgbò igi, mo ń wò wọ́n, mo sun iṣu kan jẹ tán kí wọ́n tó fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀.

"Kí ni ohun tó jẹ́ pé bí a bá ní in, yóò jẹ wá, bí a kò bá sì ní in, ebi yóò pa wá?"

"Orí ni," mo ní. "Níbo ni tiyín wà?"

"A gé e. Òkè òkun ló jókòó sí, òun nìkan ló ń jẹun, a sì gbọ́dọ̀ máa gbé e lọ fún un. A jà títí a fi gé e."

"Ẹ ṣe dáadáa. Kí wá ni ẹ ń jẹ báyìí?"

Orúnkún kékeré ló dáhùn. "À ń jẹ òmìnira."

"Ṣé ó ń yó yín?"

"Ó dùn lẹ́nu."

Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n àánú wọn náà ṣe mí. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀rù orí ti bà wọ́n débi pé wọ́n fi òfin dè é: ẹsẹ̀ kan kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ àfi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá bá gbà. Méjìlá lè gbà, bí ọ̀kan bá ní òun kò lọ, gbogbo wọn á dúró sójú kan. Mo ṣa agbálùmọ̀, mo fi bọ́ ẹnu kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí wọ́n yó, wọ́n jọ gbé ẹsẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ya àwọn fúnra wọn lẹ́nu. Wọ́n gbé mi sórí ikùn, wọ́n là á lọ nínú òkun bí ẹni ń la ẹrẹ̀. Wọ́n ní ibi tí mò ń lọ ni ìlú wọn, àti pé lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí àwọn àgbà ibẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n ń wá irú orí tí kò ní jẹ wọ́n.

Bí mo ṣe dé Amẹ́ríkà nìyẹn. Mo yin ìbọn lẹ́ẹ̀kan sókè láti fi kí wọn. Ẹ rántí pé mo ní ẹ̀tù púpọ̀.

Ìlú mẹ́tàlá ni wọ́n kó ara wọn jọ síbẹ̀, odi kan ló yí wọn ká. Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìpàdé, ọkùnrin kan jókòó lórí òkúta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan jẹ́ igi. Òun ni aṣọ́nà. Mo kí i, mo ní mò ń wá àbúrò mi tí wọ́n jí gbé, ọ̀dọ̀ ta ni n ó gbé ẹjọ́ náà lọ.

"Kò tíì sí ẹni náà," ó ní. "Ìlú kọ̀ọ̀kan ní adájọ́ tirẹ̀, ọ̀kan kì í gbọ́ ti èkejì. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi. Mo fi lélẹ̀ nínú ogun tí a fi lé ọba. Nígbà tí mo wá béèrè ohun tí n ó jẹ, ìlú kìíní ní kí n lọ bá ìlú kejì, ìlú kejì ní kí n lọ bá ìkẹta. Mo ti fi ẹsẹ̀ igi yìí yí gbogbo wọn ká."

"Kí wá ni àwọn tó wà nínú ilé yìí ń ṣe?"

"Wọ́n ń wá bí ìlú mẹ́tàlá yóò ṣe di ọ̀kan. Wọ́n ti kan fèrèsé pa pẹ̀lú ìṣó kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́. Kò sí ẹni tó ń wọlé àfi àwọn ọlọ́lá, àti…" Ó wo ilẹ̀.

"Àti ta?"

"Àwọn tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ fún wọn. Ooru pọ̀ nínú ilé tí wọ́n kan pa."

"Ṣé àwọn yẹn kò létí ni?"

"Wọn kì í kà wọ́n mọ́ ẹni tó wà nílé," ó ní. Kò wo ojú mi.

Ẹ̀yin ọmọ ènìyàn, ẹ wo ọgbọ́n àwọn ọlọ́gbọ́n. Wọ́n kan fèrèsé pa nítorí ẹni tó ń kọjá lójú pópó, wọ́n wá to àwọn elétí sẹ́yìn àga ara wọn. Mo mú abẹ̀bẹ̀ kan nílẹ̀, mo wọlé. Ìbọn wà léjìká mi, ìwo ẹ̀tù wà nídìí mi. Kò sí ojú kan tó wò mí.

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nígbà tí mo wọlé ni wọ́n ń pè ní Olóhùn-Oyin. Ohùn rẹ̀ dùn débi pé oyin ń gba ihò ògiri wọlé wá bà á ní ètè, kò sì ta á. Ó ń sọ ìdí tí wọ́n fi lé ọba. "Ó lò wá bí ẹrú," ó ní. "Kò sí ìwà tó burú láyé tó kí ènìyàn sọ ọmọnìkejì rẹ̀ di ẹrú. Ikú sàn jù ú lọ." Mo gbọ́, omi bọ́ lójú mi. Mo ní ilé ẹni rere ni àbúrò mi dé yìí, wọ́n á bá mi wá a. Mo wá wo ẹ̀yìn àga rẹ̀ láti mọ ẹni tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi ni.

Mo sún mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dáwọ́ abẹ̀bẹ̀ dúró," ó ní ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bí atẹ́gùn bá dá ni wọ́n máa ń rántí pé a wà níbí."

"Ìyá ní kí n mú ẹ wá. Ó ń dúró dè ẹ́ lórí ẹní. Jẹ́ ká máa lọ."

"Ẹnu ọ̀nà wo ni n ó gbà wọ Òkè-Ahùn?"

"Èyí tí o gbà jáde. Àwọn gbọ́mọgbọ́mọ tó gbé ẹ kò sí níbẹ̀ mọ́."

"Ta ló sọ fún yín pé gbọ́mọgbọ́mọ ni?"

"Balógun ni."

Ó rẹ́rìn-ín, èyí tí kì í dé ojú. "Balógun ló wá bá mi létí odò. Ó pe orúkọ mi. Mo dá a lóhùn, mo sáré tọ̀ ọ́ lọ, nítorí bàbá ló jẹ́ sí mi. Ojú mi ni wọ́n ti gbé àgbá ẹ̀tù méjì sílẹ̀ fún un." Ó wo ìdí mi. "Èyí tí ẹ gbé kọ́ yẹn, níbo ni ẹ ti rí i?"

Nígbà tí mo sọ dé ibẹ̀, kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ àtíbàbà mọ́. Fọlárìn na ọwọ́ díẹ̀ bí ọmọ tí kò fẹ́ kí wọ́n rí i.

"Ìyá Ọdẹ, Balógun wo lẹ ń wí?"

"Ìtàn iwin ni mò ń sọ," mo ní. "Jẹ́ kí n parí rẹ̀."

Mo ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, ìwo náà ń lù mí nítan bí mo ti ń mira, bẹ́ẹ̀ ni mo ti fi ẹ̀tù inú rẹ̀ pa ẹfọ̀n, tí mo ti fi yangàn, tí mo ti fi kí àwọn tó ra àbúrò mi. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní nítorí Ìyá ni, kì í ṣe nítorí ìlú. Ó rò ó títí, ó ní ó dára, nítorí Ìyá. Ṣùgbọ́n àsìkò ti lọ, ọ̀rọ̀ ti dé orí bí wọn yóò ṣe ka ènìyàn.

Àwọn ọlọ́lá ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ìlú ńlá ní iye orí ni kí wọ́n kà kí wọ́n tó pín àga. Ìlú kékeré ní bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní ohùn kan ṣoṣo. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ká lórí rẹ̀. Ẹnì kan wá dá a lábàá pé kí wọ́n kọ́ ilé méjì: nínú ọ̀kan iye orí ni yóò sọ̀rọ̀, nínú èkejì ìlú gbogbo yóò dọ́gba. Mi ò ní parọ́ mọ́ wọn, ọgbọ́n gidi nìyẹn. Bí wọ́n bá dákẹ́ síbẹ̀, ìròyìn rere ni mo ń kó wá fún yín yìí.

Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fẹ́ ka orí, yóò sọ ohun tó ń pè ní orí. Ní ilẹ̀ iwin yẹn sì rèé, ohun tí ẹnu bá sọ, ara ni í dà.

Àwọn ìlú ìhà gúúsù dìde. Wọ́n ní kí wọ́n ka àwọn ẹrú àwọn mọ́ àwọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àga àwọn lè pọ̀. Bí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀, àbúrò mi na tán níwájú mi, ara rẹ̀ ń dán, ojú rẹ̀ tàn. N kò rí i kó pé tó bẹ́ẹ̀ rí. Inú mi ń dùn títí mo fi rí i pé ẹni tó ń sọ ọ́ ló di okùn tí wọ́n fi ń de ẹrú mú ní ọwọ́ kejì. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ fi í gba àga nìkan ló di odindi ènìyàn.

Ọlọ́lá tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ìhà àríwá fèsì. "Lánàá ẹ ní dúkìá yín ni wọ́n. Bí a bá ń ka dúkìá, èmi náà á lọ kó màlúù mi wá." Wọ́n rẹ́rìn-ín nínú ilé náà. Ní ọ̀rọ̀ yẹn, àbúrò mi pòórá. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ nìkan ló dúró lójú òfuurufú, ó ń fẹ́. Mo ti rò pé ẹni yìí wà lẹ́yìn wa. Kò wà lẹ́yìn wa. Àga ni òun náà ń ṣọ́.

"Ẹ kà wọ́n ní ìdajì."

"Ó kéré."

"Mẹ́ta nínú mẹ́rin."

"Ó ti pọ̀ jù."

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra ẹran ìgbẹ́ lọ́wọ́ mi, bí ẹ ṣe ń ná an gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ń ná àbúrò mi. Bí wọ́n bá sọ iye kan, apá rẹ̀ á lọ. Bí wọ́n bá sọ òmíràn, apá á dé, ẹsẹ̀ á lọ. Ẹnì kan wá ní, "Mẹ́ta nínú márùn-ún." Mo rí i lójú wọn pé wọ́n fẹ́ gbà.

Mo sọ abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀.

"Èmi mọ bí wọ́n ṣe ń kà á," mo ní. "Ìyá mi rọbí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kan ni."

Ẹnu yà wọ́n. Kì í ṣe ohun tí mo sọ ló yà wọ́n lẹ́nu, bí kò ṣe pé ibi tí atẹ́gùn ti ń wá ló fọhùn. Olóhùn-Oyin nìkan ló dìde. Omi wà lójú rẹ̀, mi ò sì rò pé ó fi tàn mí.

"Ọdẹ, òtítọ́ lẹ sọ," ó ní. "Ojú ń tì mí, ó ti pẹ́ tó ti ń tì mí. Ṣùgbọ́n bí a kò bá gbà báyìí, àwọn ìlú kan á yọ ẹsẹ̀, ilé yìí á wó kí a tó kọ́ ọ tán, ọba á padà wá jẹ gbogbo wa. Ẹ jẹ́ ká kọ́ ilé ná. Àwọn ọmọ wa á tún ibi tó wọ́ ṣe."

"Bí ojú bá ń tì yín, ẹ dìde lórí àga tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi lẹ́nu. Mo rò pé mo ti mú un. Ó wo ìdí mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí àwọn yòókù gbọ́.

"Ọdẹ, ta ló fún yín ní ẹ̀tù yẹn?"

Ẹnu tí mo fi ń pe ẹkùn kò lè pe nǹkan kan. Mo dúró láàárín wọn bí òpó, bí mo sì ti dúró láìfọhùn ni gbogbo ẹnu inú ilé náà jọ sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Wọ́n kà á. Ọwọ́ rẹ̀ kù, nítorí wọ́n nílò rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ kù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kù. Mẹ́ta nìyẹn. Ohùn rẹ̀ lọ. Ẹnu wà lójú rẹ̀ ṣùgbọ́n ó dà bí ẹnu ọ̀nà ilé tí wọ́n ti kó kúrò. Mo lanu láti pe orúkọ rẹ̀, n kò rí orúkọ náà. Ó ti lọ kúrò lórí ahọ́n mi, ó sì lọ bẹ́ẹ̀ lórí ahọ́n gbogbo ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ kékeré, ẹ ò tilẹ̀ fura, nítorí ọmọ kì í pe àgbà lórúkọ. Bàbá Ẹlẹ́ní, Bàbá Ẹlẹ́ní. Kò sí ẹni tó béèrè rí.

Olóhùn-Oyin ní kí n máa mú un lọ, pé òun fi í ta mí lọ́rẹ. Mo rò pé ó fẹ́ lè sùn ni. Mo gbà á, mo dì í lọ́wọ́ mú. A kọjá láàárín àwọn tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn àga yòókù, ìlà wọn gùn, ẹnu gbogbo wọn sì ti ṣófo. Àwọn náà ní ìyá. Aṣọ́nà ṣí ilẹ̀kùn fún wa. Ó wo ojú àbúrò mi, ó wá ń fi ọwọ́ pa ẹsẹ̀ igi rẹ̀.

"Ṣé nítorí èyí ni mo ṣe fi í lélẹ̀?" ó ní. Èmi kọ́ ló bi.

Agogo ti ń dún lẹ́yìn wa pé ìjọba tuntun ti dé.

Nígbà tí a gba ọ̀nà igbó iwin padà délé, Ìyá wa kò ríran dáadáa mọ́. Ó fọwọ́ kan ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní kó sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ pè é, kò rí ohun tí yóò pè. Ó yíjú sí mi.

"Mo ní gbogbo rẹ̀ ni kí o mú wá," ó ní.

Mo sọ ohun tí ojú mi rí fún un. Ó ní kí wọ́n bá òun pe Balógun. Ó ní òwe wa parọ́. Òwe ní ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ó ní àwa tí a fẹ́ràn ọmọ náà ti gbàgbé, ṣùgbọ́n ẹni tó fi orúkọ rẹ̀ tàn án jáde létí odò kò lè gbàgbé láé. Balógun wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò bọ́ fìlà. Ó ní òun kò mọ ohun tí obìnrin náà ń wí. Ìyá wa kú kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà. Kò rí ọmọ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo dákẹ́ sí. Òjò ti ń dá. Kò sí ẹni tó dìde láti lọ sí oko rẹ̀.

Mo yíjú sí orí àga. "Balógun," mo ní, "alága ni wọ́n fẹ́ fi yín ṣe. Mi ò bá a jà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe é, mo ti rí ohun tí kò lórí nínú igbó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín kí ẹ tó jókòó, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn."

Balógun wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ìyá Ọdẹ," ó ní, "ẹ mọ bí ìlú ṣe rí nígbà yẹn. Ogun ń bọ̀. A kò ní ẹ̀tù. Bí n kò bá wá ẹ̀tù, ìlú yìí ì bá ti wó, àwọn ọmọ tó jókòó yìí kò ní sí. Mo ní bí a bá ti dúró tán, a ó wá ọ̀nà tí a ó fi…"

Kò parí rẹ̀. Ó ti gbọ́ ara rẹ̀. Gbogbo àwa tó wà níbẹ̀ ti gbọ́ ọ, a sì ti mọ ibi tí a ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Fọlárìn dìde. Mo ti múra sílẹ̀ de ọ̀rọ̀ gígùn. Gbogbo ohun tó sọ kò ju èyí lọ: "Bàbá, ẹ pè é."

Balógun bọ́ fìlà. Orí rẹ̀ funfun, ó kéré. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bí ohùn ẹni tí eegun ẹja há sí lọ́fun.

"Ọdẹ́jídé," ó ní.

Ọwọ́ àbúrò mi dúró lórí ẹní. Mo gbọ́ tí àwọn àgbà lẹ́yìn ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni rí ohun tó sọnù nínú koríko. Mo sọ ọ́ náà. Ọdẹ́jídé. Ó padà sórí ahọ́n mi bí iyọ̀.

Bí wọ́n bá pe ènìyàn, yóò dáhùn. Gbogbo wa yíjú sí i, a dúró. Ó gbé orí sókè, ó wo Balógun tààrà, ètè rẹ̀ sì là. A rí i bí ọ̀fun rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Kò sí ohùn tó jáde. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ló pa ẹnu dé, ó fa ẹní rẹ̀ mọ́ra, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

A ti gba orúkọ lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Ohùn rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó rà á.

Balógun sọ̀kalẹ̀ lórí àga fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tó rán an. Àga náà ṣófo títí wọ́n fi tú ká, kálukú wọn ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń hun ẹní kọjá, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọn kò sì lè wo ojú rẹ̀. Ibi tí ìrìn mi mọ nìyẹn. Ẹni tó bá lè fi ọ̀rọ̀ dídùn gbé e kọjá ibẹ̀, kó gbé e lọ. Èmi kò lè rìn ín mọ́.